Ọgbà àjàrà Kent tàbí Sussex fún ọjọ́ ìbí àádọ́ta ọdún: ẹ bá mi dá sí i

Àdùkẹ́_Gravesend

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin yóò pé ọmọ àádọ́ta ọdún ní Sátidé àkọ́kọ́ oṣù kẹwàá. Ó ní òun ò fẹ́ gbọ̀ngàn, òun ò fẹ́ aṣọ ẹbí, òun ò fẹ́ DJ. Ohun tó wù ú ni kí gbogbo wa lọ sí ọgbà àjàrà tí wọ́n ti ń ṣe wáìnì, kí ó rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é, kí ó jókòó kọjú sí òkè, kí ó sì máa mu ún díẹ̀díẹ̀. Mo rò pé France ló ń wí. Ó ní rárá, ti England níbí ni.

Àwa mọ́kànlá ni. Ìyá wa ti dé láti Ìbàdàn. Wọ́n ti pé ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, eékún ń yọ wọ́n lẹ́nu, wọn kì í sì í fi ọtí kan ẹnu. Ọmọdé méjì wà nínú wa. Gravesend la ti máa gbéra. Mo ti kọ orúkọ ibi mẹ́fà sílẹ̀ tí mo fẹ́ ká yà sí lọ́jọ́ kan náà: Chapel Down, Gusbourne, Biddenden, Simpsons, Rathfinny àti Ridgeview. Ṣé ó ṣeé ṣe? Kí ni ká wọ̀? Ṣé a lè gbé jọ́lọ́ọ̀fù dání?

Bàbá Kúdí (Ashford)

Arábìnrin Àdùkẹ́, ẹ kú ìmúra. Ibi mẹ́fà lọ́jọ́ kan? Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ná.

Bọ́ọ̀sì kékeré oníjókòó mẹ́rìndínlógún ni mò ń wà ní ìhà Ashford yìí, ọgbà àjàrà ló sì gba ìdajì iṣẹ́ mi láti oṣù karùn-ún títí di oṣù kẹwàá. Ẹ wo máàpù dáadáa. Chapel Down wà ní Small Hythe, lẹ́yìn ìlú Tenterden. Gusbourne wà ní Appledore, kò jìnnà sí i. Biddenden náà wà nítòsí. Àwọn mẹ́ta yìí, àdúgbò kan náà ni wọ́n wà. Ṣùgbọ́n Simpsons wà ní Barham, lọ́nà Canterbury sí Dover, ìhà ibòmíràn pátápátá. Rathfinny wà ní Alfriston ní Sussex, Ridgeview sì tún kọjá Lewes, ní Ditchling Common. Láti Tenterden sí Alfriston ju wákàtí kan lọ dáadáa. Ọ̀nà tóóró ni, tirakitọ̀ lè wà níwájú yín kó má yà fún yín títí ẹ ó fi gbàgbé ibi tí ẹ ń lọ.

Ẹ mú Kent tàbí kí ẹ mú Sussex. Ibi méjì ló tó fún ọjọ́ kan. Ìrìn ọgbà pẹ̀lú ìtọ́wò máa ń gbà tó wákàtí kan ààbọ̀ sí méjì, oúnjẹ ọ̀sán á sì wà láàárín. Ẹni tó bá ní dandan òun á dé ibi kẹta, ìgò ló máa kàn rà níbẹ̀ tí á sì máa lọ.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yanjú, kí ẹ tó mú ọgbà kankan, ni ta ló máa wakọ̀. Èmi kì í mu ọtí, mùsùlùmí ni mí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wá mi kiri. Ṣùgbọ́n mo ti pàdé ọ̀pọ̀ tó ní òun kàn máa tọ́ ọ wò ni. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí wọ́n bá bu 50ml fún yín lẹ́ẹ̀marùn-ún, 250ml nìyẹn. Ìgò wáìnì jẹ́ 750ml. Ẹ ti mu ìdámẹ́ta ìgò kí ẹ tó jókòó jẹun, ibi kejì sì ń dúró dè yín. Ẹ̀rọ tí ọlọ́pàá máa ní kí ẹ fẹ́ èémí sí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín mímu àti títọ́wò.

Bí ẹ bá fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú irin, ẹ wọ̀ ọ́ láti Gravesend dé Ebbsfleet, kí ẹ bọ́ sí èyí tó ń lọ Ashford, láti ibẹ̀ ni ẹ ti máa rí èyí tó ń lọ Hastings tó máa dúró ní Appledore. Ẹ ṣọ́ra o: ibùdókọ̀ Appledore àti ìlú Appledore jìnnà síra, ó ju máìlì kan lọ, kò sì sí takisí tó ń dúró de èèyàn níbẹ̀. Ẹ ti gbọ́dọ̀ pè é sílẹ̀. Fún Tenterden, Headcorn ni ẹ máa sọ̀ sí, takisí ni láti ibẹ̀. Pẹ̀lú ìyá tí eékún ń dùn, èmi ò ní gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀.

Lánre_Medway

Bàbá Kúdí ti sọ èyí tó pọ̀ jù. Tèmi ò ju ẹyọ kan lọ: Ẹ MÁ PẸ́ O.

Lọ́dún tó kọjá, àwa mẹ́sàn-án lọ sí ọgbà kan ní Sussex, n kò ní dárúkọ wọn. Aago mọ́kànlá ni wọ́n fún wa. Ẹnì kan nínú wa (ó mọ ara rẹ̀, ó sì wà lórí ìkànnì yìí) ń wá bàtà. Aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú márùn-dínlọ́gbọ̀n la dé. Wọ́n ti rìn lọ. A ń wò wọ́n lókèèrè láàárín ọ̀wọ́ àjàrà bí ẹni wo ọkọ̀ òfuurufú tó ti gbéra. Wọ́n fún wa ní èyí tí a máa tọ́ wò, ṣùgbọ́n wọn kò mú wa rìn, wọn kò sì dá kọ́bọ̀ padà nínú owó àsansílẹ̀. Wọ́n ní ó wà nínú àdéhùn. A lọ wò ó, ó wà níbẹ̀ lóòótọ́.

Ẹ sọ fún àwọn ẹbí yín pé aago mẹ́sàn-án ni, bí ó bá jẹ́ mẹ́wàá.

Òmíràn: àwọn mìíràn kì í gba èèyàn tó ju mẹ́jọ lọ lórí ìkànnì. Mọ́kànlá tí ẹ jẹ́ yẹn, ímeèlì ni ẹ máa kọ. Ẹ kọ ọ́ ní báyìí, Sátidé oṣù kẹwàá tètè ń kún.

Jagun_Peckham

Ẹ dákun, ẹ jẹ́ n béèrè. Ẹ̀yin máa sanwó láti lọ wo oko? Bàbá mi ní oko kòkó ní Ìdànrè. Kò sẹ́ni tó sanwó wò ó rí. Kódà ẹni tó bá dé ibẹ̀, iṣẹ́ la máa ń fún un ṣe.

Ọlá_Canterbury

Ẹ̀gbọ́n Jagun, bí wọ́n bá ń pín ṣokoléètì ní ìparí oko bàbá yín, èmi náà á sanwó.

Àǹtí Àdùkẹ́, oṣù tí ẹ mú yẹn dára gan-an, àsìkò ìkórè ni. Nígbà tí mo ń kàwé ní Canterbury, mo bá wọn ká àjàrà fún ọdún méjì, nítorí náà ohun tí ojú mi rí ni mò ń sọ. Láti ìparí oṣù kẹsàn-án wọ inú oṣù kẹwàá ni wọ́n ń ká a, bí oòrùn ọdún náà bá ṣe rí ló máa sọ ọjọ́. Àlùmọ́gàjí kékeré lọ́wọ́ kan, ṣírí àjàrà lọ́wọ́ kejì. Omi rẹ̀ á máa lẹ̀ mọ́ ìka bí oyin, agbọ́n á sì máa bá yín dá a pín. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka Bíbélì Yorùbá ti mọ ọ̀rọ̀ náà "ìfúntí". Ó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ni báyìí, kò sẹ́ni tó ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ó ń fún un, nítorí dúdú ni èèpo irú àjàrà méjì tí wọ́n ń pè ní Pinot Noir àti Pinot Meunier, omi inú wọn ló funfun. Bí a bá fún un líle, àwọ̀ èèpo á bọ́ sínú omi. Ìkẹta wọn ni Chardonnay, tí èèpo tirẹ̀ kò dúdú. Àwọn mẹ́ta yìí náà ni wọ́n fi ń ṣe ṣanpéènì ní France.

Àléébù àsìkò ìkórè ni pé ọwọ́ wọn dí, ilẹ̀ ilé ìpọntí á tutù, á máa yọ̀, nígbà mìíràn wọn kì í jẹ́ kí àlejò wọ ibi tí ìfúntí wà. Ẹ béèrè nínú ímeèlì yẹn. Ẹ sì sọ fún àwọn ọmọdé kí wọ́n má já a jẹ láìgbàṣẹ.

Ẹ bi wọ́n léèrè nípa ìrì dídì, ẹ ó rí i bí ojú wọn ṣe máa yí padà. Ní ìparí oṣù kẹrin 2017, ewé tuntun ti yọ lára àjàrà nígbà tí òtútù òru dé, ó sì ba ọ̀pọ̀ rẹ̀ jẹ́ ní gúúsù England. Àwọn àgbà tí mo bá lẹ́nu iṣẹ́ ṣì ń sọ ọ́ bí ẹni ń ròyìn òkú. Ìdí nìyẹn tí àwọn mìíràn fi ń to àbẹ́là ńláńlá sáàárín àwọn ọ̀wọ́ àjàrà ní òru ìgbà ìrúwé, tí gbogbo ẹ̀gbẹ́ òkè á máa tàn bí ọjà alẹ́. Nígbà tó di 2018, oòrùn mú dáadáa, èso pọ̀ débi pé àgbá tí wọ́n máa rọ omi rẹ̀ sí kò tó àwọn mìíràn. Iṣẹ́ oko ni, Ẹ̀gbọ́n Jagun, kò yàtọ̀ sí ti kòkó.

Òkun ń ràn wọ́n lọ́wọ́, ó tún ń bá wọn jà. Omi òkun kì í tètè tutù, nítorí náà ọgbà tó wà nítòsí rẹ̀ kì í sábà rí ìrì dídì tó burú tó ti ọgbà tó wà ní àfonífojì inú lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n atẹ́gùn rẹ̀ lè gbọn òdòdó àjàrà dànù ní ìparí oṣù kẹfà. Bí òdòdó bá ti lọ, èso ti lọ.

Ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀ láìrí ni bí ó ṣe ń hó. Ẹmu ń hó fúnra rẹ̀ láti orí ọ̀pẹ, kò sẹ́ni tó ń bẹ̀ ẹ́. Tiwọn gba sùúrù. Wọ́n á kọ́kọ́ ṣe wáìnì tí kò hó, wọ́n á rọ ọ́ sínú ìgò, wọ́n á fi ṣúgà àti ìwúkàrà díẹ̀ sí i, wọ́n á dé e pa. Ìwúkàrà á jẹ ṣúgà náà, afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára rẹ̀ kò ní rí ọ̀nà gbà, á wọnú ọtí lọ. Agbára tó wà nínú ìgò náà ju ìlọ́po méjì ti táyà mọ́tò lọ. Ìwúkàrà tó ti kú á di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ nísàlẹ̀. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ẹmu, a máa ń rọra yẹra fún un ni. Níhìn-ín, orí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ni wọ́n ń fi ọtí sí fún ọ̀pọ̀ oṣù, àwọn mìíràn fún ọdún mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ibẹ̀ ni adùn rẹ̀ ti ń wá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á máa yí ìgò náà, wọ́n á máa dorí rẹ̀ kodò díẹ̀díẹ̀ títí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ á fi kóra jọ sí ọrùn rẹ̀. Wọ́n á mú kí ọrùn yẹn dì, wọ́n á ṣí i, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ á sì ta síta gbàù! Wọ́n á fi wáìnì díẹ̀ dí àyè rẹ̀, wọ́n á tẹ kọ́ọ̀kì bọ̀ ọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, mo pariwo "Yé!" láìmọ̀.

Ìyá Ìbejì (Brighton)

Ẹ ò ní jẹ́ kí gbogbo wọn lọ sí Kent o. Sussex ńkọ́?

Ilẹ̀ tiwa níhìn-ín, ẹfun ni. Ẹfun gan-an, funfun báláú bí èyí tí wọ́n ń kó lọ sí ojúbọ Ọbàtálá. Bí ẹ bá dúró ní Cuckmere Haven tí ẹ wo àwọn òkè Seven Sisters, bí wọ́n ṣe dúró gbọnrangandan lẹ́bàá òkun, ohun tó wà lábẹ́ ọ̀pọ̀ ọgbà àjàrà South Downs ni ẹ ń wò yẹn. Ẹfun yìí gba abẹ́ òkun kọjá lọ sí France, ó sì tún yọ lórí ilẹ̀ ní agbègbè Champagne. Òjò pọ̀ nílùú yìí, ẹfun máa ń jẹ́ kí omi tó pọ̀ jù ṣàn lọ, síbẹ̀ ó ń fi díẹ̀ pamọ́ fún gbòǹgbò.

Rathfinny tí ẹ kọ sílẹ̀ yẹn jìnnà sí òkun ní nǹkan bí máìlì mẹ́ta péré. Mark àti Sarah Driver ló ra oko náà ní 2010, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbin àjàrà ní 2012. Wọ́n tún gbin igi láti fi dá atẹ́gùn dúró, ẹni tó bá dé ibẹ̀ á mọ ìdí. Ọ̀nà ìrìn wà láàárín ọgbà náà tí ẹ lè fi ẹsẹ̀ gbà. Ridgeview pẹ́ jù ú lọ, 1995 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Nyetimber, tí orúkọ rẹ̀ ń dún jù, àwọn ará Amẹ́ríkà méjì kan, tọkọtaya, ló gbin àjàrà síbẹ̀ ní 1988, ṣùgbọ́n ẹ má kàn gbéra lọ o, ọjọ́ díẹ̀ lọ́dún ni wọ́n ń ṣílẹ̀kùn fún àlejò. Láti 2022, orúkọ "Sussex" lára ìgò ti di ohun tí òfin ń dáàbò bò, ẹni tí kò bá tẹ̀lé ìlànà rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ lò ó.

Ní ti aṣọ: ẹ gbàgbé gìgísẹ̀ gíga. Ẹrọ̀fọ̀ ni, òkè ni. Ẹ wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀, ẹ mú ẹ̀wù òjò àti súwẹ́tà dání, kódà bí oòrùn bá ń ràn ní Gravesend. Àti gèlè. Àbúrò mi wé gèlè lọ sí Cuckmere fún fọ́tò. Atẹ́gùn òkun gbé e, ó sì gbé e lọ bá màlúù. A ò lọ mú un.

Ẹlẹ́mu_London

Ìyá Ìbejì, ẹ pa mí lẹ́rìn-ín. Ilé oúnjẹ kan ní London ni mo ti ń gbé wáìnì fún oníbàárà, mo sì ti ṣe ìdánwò WSET, ti ìmọ̀ nípa wáìnì, dé ipele kẹta. Ẹ jẹ́ n sọ nípa ẹnu àti imú.

Ẹ fi lọ́fíńdà sílẹ̀ nílé lọ́jọ́ náà. Gbogbo yín. Mo mọ̀ pé ó nira fún wa. Ṣùgbọ́n imú ló ń ṣe ìdajì iṣẹ́ ìtọ́wò, òórùn oud ẹnì kan ṣoṣo sì lè ba ti gbogbo yàrá jẹ́.

Ẹ jẹun kí ẹ tó lọ. Kì í ṣe tíì àti bísíkíìtì.

Ife kan máa wà lórí tábìlì tàbí nílẹ̀ tí wọ́n ń tutọ́ wáìnì sí. Nílé wa, ẹni tí àgbà bá bu ọtí fún tó wá tu ú dànù ti rán ara rẹ̀ níṣẹ́. Níbẹ̀, ọ̀wọ̀ ni. Ẹ máa yí i lẹ́nu, kí ẹ tu ú, kò sẹ́ni tó máa bínú. Àwọn tó ń ṣe é gan-an, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń tọ́ ọ wò láàárọ̀.

Ẹ sì sọ fún àwọn ẹbí yín ṣáájú pé kò ní dùn. Àwa tí a fi wáìnì Communion àti èyí tí wọ́n ń gbé sórí tábìlì níbi ìyàwó mọ wáìnì, a ń retí ṣúgà. Oòrùn England kò mú tó ti Spain, nítorí náà kíkan àjàrà kì í tán. Kíkan yẹn ló mú kó dára fún ọtí tó ń hó, òun náà ló sì ń mú kí ó bá ẹja díndín àti ẹran sísun mu. Bí ẹnì kan bá fẹ́ dídùn díẹ̀, kó béèrè demi-sec. Èyí tí kì í hó tí mo fẹ́ràn jù fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ ni Bacchus, irú àjàrà kan tí àwọn ará Jámánì dá nípa ṣíṣe àdàlù ní àwọn ọdún 1930, tó wá rí ilé sí England. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ó ń rùn bí òdòdó inú igbó wọn. Lẹ́nu tèmi, agbálùmọ̀ tí kò tíì rọ̀ tán ni, èyí tó máa ń jẹ́ kéèyàn di ojú kan.

Ẹ má pè é ní ṣanpéènì níwájú wọn. Orúkọ agbègbè Champagne ní France nìyẹn, òfin wà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ lè rán wọn létí Christopher Merret, onímọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ka ìwé fún Royal Society ní 1662 pé àwọn tó ń ta wáìnì ní London ń fi ṣúgà sí i kó lè hó. Dom Pérignon, ajẹ́jẹ̀ẹ́ ará France tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń sọ pé òun ló dá ṣanpéènì sílẹ̀, 1668 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ní Hautvillers. Àwọn ará France fúnra wọn ti gba ilẹ̀ yìí gbọ́: Taittinger, ilé iṣẹ́ ṣanpéènì kan, ra ilẹ̀ ápù ní Chilham, Kent, ní 2015, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbin àjàrà síbẹ̀ ní 2017, Domaine Evremond ni wọ́n pè é.

Bí wọ́n bá gbé èyí tó pẹ́ lórí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ wá, ẹ fi imú gbọ́ ọ dáadáa kí ẹ tó mu ún. N kò ní sọ ohun tí ẹ máa gbọ́. Ẹ wá sọ fún wa níbí.

Àdùkẹ́_Gravesend

Ẹ ṣeun gidigidi. Mo ti pa ibi mẹ́rin rẹ́ nínú mẹ́fà. Kent ni, nítorí ẹsẹ̀ Màmá (Ìyá Ìbejì, ẹ má bínú, ọdún tó ń bọ̀ ni tiyín). Biddenden láàárọ̀, Gusbourne lọ́sàn-án. Mo ti kọ ímeèlì sí àwọn méjèèjì. Kí ni Màmá máa wá ṣe ní gbogbo àsìkò yẹn? Ẹ kò sì tíì dá mi lóhùn lórí jọ́lọ́ọ̀fù.

Bàbá Kúdí (Ashford)

Ẹ mú Biddenden náà dáadáa. Láti 1969 ni àjàrà ti wà níbẹ̀, kò sí ọgbà wáìnì tó ń tà á fún aráyé tó dàgbà jù ú lọ ní Kent. Oko ápù ni tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ṣì ń ta omi ápù tí kò ní ọtí nínú. Òun ni èmi náà máa ń mu. Ẹ ra méjì mẹ́ta fún Màmá.

Bí ẹsẹ̀ wọn bá kọ̀, ọkọ̀ ojú irin àtijọ́ wà ní Tenterden, elédùú tó ń yọ èéfín, ó ń rìn lọ sí Bodiam. Ìyá kan tí mo gbé lọ́dún kìíní ní ó rán òun létí rélùwéè Òṣogbo. Kì í rìn lójoojúmọ́ o, ẹ wo àkókò rẹ̀ lórí ìkànnì wọn. Ẹnì kan lè mú Màmá àti àwọn ọmọ lọ nígbà tí ẹ̀yin bá ń tọ́wò.

Lánre_Medway

Jọ́lọ́ọ̀fù: ibi tí wọ́n bá ti ń ta oúnjẹ, wọn kì í fẹ́ kí ẹ gbé tiyín wọlé. Ẹ béèrè. Ká má purọ́, àwa ti jẹ ẹ́ nínú ọkọ̀ rí, pẹ̀lú fèrèsé títì.

Ìyá Ìbejì (Brighton)

Ẹ gbé e dání, kí ẹ jẹ ẹ́ ní Camber Sands lẹ́yìn Gusbourne. Etí òkun ni, iyanrìn lọ salalu, kò sẹ́ni tó máa bi yín léèrè. (Mo gbọ́ ti ọdún tó ń bọ̀ yẹn o. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀.)

Jagun_Peckham

Bí jọ́lọ́ọ̀fù bá wà níbẹ̀, ẹ lè sọ fún mi ọjọ́ wo ni.

Àdùkẹ́_Gravesend

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. A ti lọ, a ti bọ̀. Ẹ jẹ́ n ròyìn.

Mo sọ fún gbogbo wọn pé aago méje ààbọ̀ ni ọkọ̀ máa gbéra. Mẹ́jọ ààbọ̀ ni. Síbẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ló ṣẹ́kù kí a pẹ́. Lánre, Ọlọ́run á san án fún ẹ.

Òjò wínníwínní ń rọ̀ ní Biddenden, bàtà wa kún fún ẹrọ̀fọ̀, ẹnikẹ́ni kò ráhùn nítorí mo ti kìlọ̀. Àwọn ọmọ mu omi ápù tán, wọ́n tún béèrè. Rélùwéè elédùú kò bọ́ sí wa lọ́nà, àkókò rẹ̀ kò bá tiwa mu. Bàbá Kúdí wá gbé Màmá gba ẹ̀bá Romney Marsh, wọ́n ń ka àgùntàn. Wọ́n ní àgùntàn ọ̀hún sanra ju ti Iléyá lọ, wọ́n sì béèrè iye tí wọ́n ń tà á.

Ní Gusbourne, òjò ti dá. Wọ́n mú wa gba àárín àjàrà, díẹ̀ nínú rẹ̀ ṣì wà lórí igi. Ẹni tó mú wa rìn fún olúkúlùkù ní hóró kan. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n má ya fọ́tò òun nígbà tí òun ń jẹ ẹ́, mo yà á. Ó dùn, lẹ́yìn náà ó kan lórí ahọ́n bí ẹni pé ó rántí nǹkan. Nígbà tí a ń tọ́wò, ó dé orí èyí tó pẹ́ lórí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. A gbé imú sí i, olúkúlùkù ń sọ tirẹ̀, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ní òun gbọ́ ọsàn, ẹnì kan ní òkúta tútù. Màmá ní kí a gbé gíláàsì yẹn wá. Gbogbo wa wo ara wa lójú. Wọ́n kò mu ún o, wọ́n kàn gbé e sí imú, wọ́n pajú dé, wọ́n ní, "Búrẹ́dì ni. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ààrò, kí wọ́n tó fi ọ̀rá dì í." Ogún ọdún ni Màmá fi ṣe búrẹ́dì ní Mọ́kọ́lá. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún ọmọbìnrin tó ń bu wáìnì fún wa, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ohun tí òun fẹ́ sọ tẹ̀lé nìyẹn: ìwúkàrà ni, ọ̀kan náà ló ń ṣe méjèèjì.

Ẹlẹ́mu, ṣé ohun tí o fi pamọ́ nìyẹn?

A jẹ jọ́lọ́ọ̀fù ní Camber pẹ̀lú yanrìn nínú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Jagun jẹ abọ́ mẹ́ta. Màmá fẹ́ gbé ìgò méjì lọ fún pásítọ̀ wọn ní Ìbàdàn, mo ti fi aṣọ wé wọn, inú báàgì ńlá ni wọ́n máa wà, kì í ṣe ti ọwọ́.

Bàbá Kúdí, ẹ jọ̀wọ́, ṣé gèlè aláwọ̀ omi aró kan wà lẹ́yìn ọkọ̀ yín?

Ẹlẹ́mu_London

Òun gan-an ni, Àǹtí. Ẹ bá mi kí Màmá. Ẹ ní tí iṣẹ́ bá sú wọn ní Ìbàdàn, àyè wà ní ilé oúnjẹ wa.

Bàbá Kúdí (Ashford)

Ó wà níbí. Ìyàwó mi ti wé e lọ sí ìsọmọlórúkọ lánàá. Mo máa fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé.